AAGO TA NI À Ń WÒ?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Awo

  Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá tààrà, tí ojú yín kò tíì kan oorun, a rí yín, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí ó mú wa ronú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa lọ bá àwọn aṣáájú ìlú, kí a jọ dáwó, kí a gbé aago ńlá kan sórí òpó gíga níbi tí gbogbo ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ yóò ti máa rí i. Baba náà kò tíì jókòó tí ọ̀dọ́ kan fi dìde, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Baba, ẹ má bínú o. Aago rèé lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Kí ni a fẹ́ fi aago orí òpó ṣe?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ìbéèrè náà kò jẹ́ kí a sùn bọ̀rọ̀, nítorí pé ìbéèrè gidi ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí lórí ilé gogoro aago: àwọn wo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí ni wọ́n fi ń ṣe, kí sì ni ó kan àwa òṣìṣẹ́ níbẹ̀.

ÀWỌN BABA WA MỌ ÀKÓKÒ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn baba wa kò mọ àkókò kí aago tó dé. Àkùkọ a kọ, àgbẹ̀ a jí. Wọ́n mọ ìdájí yàtọ̀ sí òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n mọ ìyálẹ̀ta, wọ́n mọ ọ̀sán gangan, wọ́n mọ ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́ òru. Bí ẹni méjì bá fi àdéhùn sí ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnì kejì jà pé o pẹ́. Ọjà ọrọọrún ń ná ní ọjọ́ rẹ̀, láìsí kàlẹ́ńdà lára ògiri ẹnikẹ́ni. Ní ààfin, ìlù ni ó ń jí ọba. Ní Ẹdẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín, Tìmì Adétóyèsè Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìmàle dé, ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí pe ìrun nígbà márùn-ún lójúmọ́. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rò. Kí ni agogo? Irin tí ọwọ́ ń lù ni. Òun ni akéde ìlú ń lù kí ó tó jíṣẹ́ ọba. Nígbà tí òyìnbó gbé ẹ̀rọ àkókò rẹ̀ dé, tí ó ń dún gbọngbọn ní wákàtí wákàtí, àwọn baba wa wò ó, wọ́n ní, "Agogo mà ni èyí." Títí di òní, bí a bá fẹ́ mọ àkókò, a ó béèrè pé, "Aago mélòó ni ó lù?" A kò béèrè ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Ohun tí ó lù ni a béèrè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, lọ́dọ̀ àwa, àkókò jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú jọ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan fi sí àpò rẹ̀ kí ó máa dá nìkan wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà wá bá a.

ILÉ GOGORO NÍLẸ̀ ÒYÌNBÓ

Àwọn òyìnbó náà, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn aago ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ojú rárá. Wọn kò ní ọwọ́ tí ń yí. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n lu agogo lọ. Ọ̀kan ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti ìlú Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sọ pé ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1386. Okùn, òkúta wíwúwo àti irin eléyín ni gbogbo rẹ̀. Òkúta ń fà á sísàlẹ̀, irin kan ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, bí ẹ bá rí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ kí agogo wọ̀nyí máa dún? Àwọn àlùfáà fẹ́ ẹ fún àdúrà, lóòótọ́ ni. Àwọn olówó aṣọ náà fẹ́ ẹ. Ní ìlú Amiens, nílẹ̀ Faransé, ní ọdún 1335, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba kí wọ́n lè ní agogo kan tí yóò máa sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà tí wọn yóò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìgbà tí wọn yóò jẹun, ìgbà tí wọn yóò padà sídìí iṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, àti ìgbà tí wọn yóò ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, fèrè tí ń dún lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yín láàárọ̀, ọmọ ọmọ agogo Amiens ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà kò sì dákẹ́. Ní ọdún 1367, ní ìlú Thérouanne, nílẹ̀ Faransé kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ kọ agogo iṣẹ́ tí wọ́n ń lù lé wọn lórí, títí àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ni ín fi ṣèlérí pé wọn kò ní lù ú mọ́ láé. Èyí ti ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ. Ẹni tí ó bá rò pé ìjà lórí wákàtí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó rántí Thérouanne.

Nígbà tí ó yá, aago bẹ̀rẹ̀ sí ní ojú. Ìlú ńlá kọ̀ọ̀kan fẹ́ ní tirẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ọlọ́jà ń du ìsọ̀ iwájú. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní 1859. Ilé gogoro náà ga tó mítà 96, ó sì ní ojú mẹ́rin. Owó ẹyọ kékeré ni wọ́n fi ń tún ìrìn rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá gbé ẹyọ pẹ́nì kan lé orí irin tí ń fì nínú rẹ̀, aago náà yóò fi ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá yára sí i lójúmọ́. Bí wọ́n bá mú un kúrò, yóò falẹ̀ padà. Lóde òní, èyí tí àwọn alálàájì wa ń fojú rí ní Mẹ́kà ni ó ga jù. Ilé náà ga tó mítà 601, ojú aago rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 43, ọdún 2012 ni wọ́n sì parí rẹ̀.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń ṣe ojú mẹ́rin? Nítorí kí ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ìlà-oòrùn wá, àti ẹni tí ó gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, lè rí ohun kan náà. Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń gbé e sókè? Nítorí pé ohun tí ó wà lókè, ojú gbogbo ayé ni ó wà. Kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, kò ṣeé yí lóru kí ilẹ̀ má mọ́ bá a.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí aago kò sí lókè. Láyé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́rìí pé àwọn ọ̀gá kan máa ń ti aago ilé-iṣẹ́ síwájú láàárọ̀, wọn a tún fà á sẹ́yìn nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé níbi tí òun ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá àti ọmọ ọ̀gá nìkan ni wọ́n ní aago. Òṣìṣẹ́ kan wà tí ó ní tirẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ ni pé ó sọ ohun tí aago wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

BÍ AAGO ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Rélùwé ni ó gbé aago wọ ilẹ̀ wa dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo kò lè máa lo oòrùn Èkó nígbà tí ó bá kúrò ní Iddo, kí ó tún máa lo oòrùn Òṣogbo nígbà tí ó bá débẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wàhálà yìí ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Bristol, aago kan ṣì wà lára ilé ọjà ọkà tí ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú méjì, ọ̀kan fún àkókò Bristol, ìkejì fún ti Lọ́ńdọ̀nù tí rélùwé mú wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó wà láàárín wọn. Lọ́dọ̀ wa, irin náà dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Àwọn òbí wa tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà létí irin kọ́ láti mọ agogo tí ọkọ̀ ń dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní aago nílé.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi aago wa ṣe nígbà náà. Ní oṣù keje 1905, wọ́n mú aago Èkó bá ti Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, dọ́gba. Ní oṣù keje 1908, wọ́n dá a padà sí ti oòrùn Èkó, tí ó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1914, wọ́n sọ ọ́ di ìdajì wákàtí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1919, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan gbáko, èyí tí a ń lò títí di òní. Ìgbà mẹ́rin ní ọdún mẹ́rìnlá! Oòrùn kò yẹ̀ kúrò ní ipa ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, àkùkọ kò sì gba lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ dúró síta níhìn-ín ní Awo ní agogo 12 ọ̀sán. Oòrùn kò tíì kan àtàrí. Bí a bá pín in káàkiri ọdún, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn agogo 12 ni oòrùn tó ń dé ibẹ̀. Èyí ni pé nígbà tí aago ilé-iṣẹ́ bá lu méje láàárọ̀, lójú oòrùn Awo, agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà lọ síbi iṣẹ́ lọ́la o! A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé aago kì í ṣe àṣẹ láti ọ̀run. Àdéhùn láàárín ènìyàn ni. Ohun tí ó bá sì jẹ́ àdéhùn, ẹni méjì ni ó ń ṣe é.

Àwọn òṣìṣẹ́ Èkó mọ èyí kí irin tó dé Ìbàdàn pàápàá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, nígbà tí Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba padà, àwọn òṣìṣẹ́ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò ní ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, wọn kò ní lọ́yà. Síbẹ̀ Gómìnà bá wọn dúnàá-dúrà. Lára àwọn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wáyé nílẹ̀ wa ni èyí, lórí wákàtí ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé gogoro aago wà nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná Ìbàdàn, ẹ mọ èyí tí ó wà ní Yunifásítì, lẹ́bàá gbọ̀ngàn Trenchard. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé náà. Trenchard tí gbọ̀ngàn náà ń jẹ́ ti fìgbà kan jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ UAC. Gbọ̀ngàn náà ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá, kò jẹ́ orúkọ bíríkìlà tàbí lébìrà tí ó ru kọnkéré gòkè. Ṣùgbọ́n aago tí ó wà lókè kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí lébìrà. Ẹni tí ó bá gbójú sókè ni ó ń sọ ọ́ fún.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní nǹkan bí ọdún 1979, díẹ̀ nínú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. A tó igba níbẹ̀. Aago kan ṣoṣo ni ó wà, inú yàrá ẹni tí ń kọ ìwọlé ni ó wà, lẹ́yìn fèrèsé onígi. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, owó ìdajì wákàtí ti lọ. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́, kí ó padà sílé. Lẹ́tà mẹ́ta, iṣẹ́ bọ́.

Baba kan wà láàárín wa, ọmọ agbègbè yìí, tí ó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ kan. Bí ládàánì bá ti pe ìrun ìdájí, tí baba kírun tán, ó ti bọ́ sọ́nà nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò pẹ́ rí. Lójijì, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ọjọ́ tí ó gba ìkẹta, àwa ọ̀dọ́ ń bá a wí pé, "Baba, ẹ bá tètè máa jí." Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ládàánì kò purọ́ fún mi rí. Aago yẹn ni ó ń purọ́." A rò pé ìbànújẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ wá lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wa wá gbé rédíò kékeré sínú abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó fi aṣọ dì í. Ní agogo méje, rédíò dún "pí, pí, pí" kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. A yọjú wo aago lẹ́yìn fèrèsé: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti kọjá agogo méje. Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò ní agogo mẹ́rin ti lù. Aago ẹnu ọ̀nà ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. A ra ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá. Bákan náà ni lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 17 lórí ènìyàn kan lójúmọ́. Lórí igba ènìyàn, ó di ìṣẹ́jú 3,400. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 56 àti ogójì ìṣẹ́jú. Bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ ènìyàn méje ni a ń ṣe lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbé ìbọn sí wa lọ́rùn. Ìka kan ṣoṣo ni ó ń yí ọwọ́ aago.

Nígbà tí ẹgbẹ́ gbé ìwé náà síwájú ọ̀gá, ó ní aago ti gbó, ó ti bàjẹ́. Akọ̀wé wa nígbà náà fi sùúrù dá a lóhùn, ó ní, "Ọ̀gá, aago tí ó bàjẹ́ a máa yára láàárọ̀, a sì máa falẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni?" Yàrá náà pa lọ́lọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé aago tuntun sára ògiri ìta, lókè ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo wa ti ń rí i láti ojú títì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ di méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ wa, kò sì ṣeé ṣí láìjẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì pé.

A gba aago. A kò gba owó tí wọ́n ti gé. A kò sì gba baba padà. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ ti parí. Ó padà sídìí kòkó rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú. Nígbà tí a lọ sọ fún un pé òótọ́ ni ó sọ, ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń dùn wá títí di òní ni pé ó kọ́kọ́ sọ fún wa, a kò sì gbà á gbọ́, nítorí pé a gba aago gbọ́ ju ènìyàn lọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Kì í ṣe ojú àánú ni a fi ń béèrè wákàtí wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1886, àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ kan má baà ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ní Chicago, ẹ̀jẹ̀ ṣàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí rẹ̀ ni ọjọ́ náà fi di ọjọ́ òṣìṣẹ́ káàkiri ayé, tí ó sì di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo Nàìjíríà láti 1981. Ní 1919, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ jọ fọwọ́ sí nínú Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, lórí wákàtí ni ó dá: mẹ́jọ lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀, fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Nílẹ̀ wa, òfin iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1974 ṣì wà nínú ìwé òfin. Ó ní wákàtí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a jọ fẹnu kò sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ dúnàá-dúrà lé lórí, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá là sílẹ̀. Ohun tí ó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ ofatáìmù. Ó ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní láàárín ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tí yóò fi sinmi, wákàtí 24 láìsí ìdádúró. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń jẹun ọ̀sán ní ìdúró, ẹnu lóúnjẹ, ọwọ́ lẹ́rọ.

ÌDÁHÙN WA FÚN Ọ̀DỌ́ ALÁFÓÒNÙ

Ọmọ wa, ìwọ tí o béèrè ọ̀rọ̀, a kò bínú sí ọ. Òótọ́ ni pé aago wà nínú fóònù rẹ, ó sì péye ju èyí tí ó wà lórí òpó lọ. Ṣùgbọ́n aago ta ni wọ́n fi ń san owó rẹ? Ẹ̀rọ tí o ń tẹ ìka sí lẹ́nu ọ̀nà, ta ni ó ń tún un ṣe? Ta ni ó ń rí ohun tí ó kọ sílẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, wọ́n a gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ kí o tó wọlé. Bí aago rẹ bá wà nínú àpótí wọn, tí aago tiwọn wà nínú yàrá tí wọ́n tì, ní kí ni ìwọ yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ igba ọdún sẹ́yìn tí wọ́n gba aago lọ́wọ́ rẹ̀?

A sì ní ọ̀rọ̀ fún baba tí ó dá àbá náà pẹ̀lú. Baba, àbá yín dára. Ṣùgbọ́n ilé gogoro kì í tọ́jú ara rẹ̀. Aago tí ó kú sókè, ìtìjú ìlú ni. Bí ìlú bá gbà, kí a kọ́kọ́ wá owó ẹni tí yóò máa gun òkè lọ tún un ṣe kí a tó wá owó síménì. Kí ó ní ojú mẹ́rin. Kí ó sì máa lù, kí ìyá tí ń din àkàrà lè gbọ́ ọ láìgbé ojú kúrò nínú epo gbígbóná.

Kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn ohun kan wà tí kò ná wa ní síménì. Èkíní, kí olúkúlùkù ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ìgbà tí ó wọlé, ìgbà tí ó jẹun, ìgbà tí ó jáde. Bírò kan tó. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́ lálẹ́. Èkejì, kí aṣojú wa ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè pé kí aago ẹnu ọ̀nà wà níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí i, kí wọ́n sì jọ máa fi rédíò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, kí wọ́n máa fún òṣìṣẹ́ ní ìwé ohun tí ó kọ. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin awakọ̀, a mọ̀ pé kò sí fèrè tí ń lé yín jáde. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù gáréèjì náà, aago ni. Awakọ̀ tí ó ti wakọ̀ láti ìdájí tí ó tún gba èrò Èkó lálẹ́ ti jẹ gbèsè oorun, títì sì mọ bí a ti ń gba gbèsè. Ẹ kọ wákàtí yín náà sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí gáréèjì gbà pé ẹni tí ó bá sùn kò sọ tọ́ọ̀nù rẹ̀ nù.

Ẹ rántí ohun tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn baba wa pe aago ní agogo nítorí pé gbogbo ìlú ni ó ń gbọ́ ọ. Ìyẹn ni iṣẹ́ ilé gogoro, yálà a kọ́ ọ tàbí a kò kọ́ ọ: kí àkókò má baà jẹ́ ti ẹnì kan. Ìwé kékeré igba òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá sọ ohun kan náà, ó ga ju òpó èyíkéyìí lọ.

Ẹni tí kò bá ní ìwé, Akọ̀wé ti ra díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ọ̀rọ̀ wa parí ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa.